Orúkọ Mẹ́ta, Àrùn Kan: Ìtàn Kátà Ewúrẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àwọn àgbà Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè kì í yé pa òwe yìí nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa orúkọ àbísọ, orúkọ àmútọ̀runwá àti orúkọ àbíkú. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, orúkọ àrùn ni mo fẹ́ fi òwe náà yẹ̀ wò, àrùn ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ènìyàn. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ni. Mo mọ̀ pé òǹkàwé lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sọ nù sí agbo ewúrẹ́. Ohun tí ó gbé mi débẹ̀ ni pé àrùn kan náà ń pa ẹran ní apá ibi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ní orúkọ kan níbi tí ìjọba ti ń sọ Faransé, ó ní òmíràn níbi tí ìjọba ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí àwọn tí ó ń wò ó ní ìhà méjèèjì tó mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn ń rí.

Ìdí kejì kì í ṣe ti ìmọ̀ ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìyá tí ó bí ìyá mi ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni ó ní, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ. Wọn kì í so wọ́n mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọn a jáde, wọn a máa ṣa èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ jẹ kiri ojúde, nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ wọn a padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ ọjà kan, ìyá àgbà ra òbúkọ kan wálé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òbúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí omi ń dà ní imú àti ojú rẹ̀. Ìyá àgbà wò ó, ó ní, “Kátà ni.” Ó fi àkísà tí ó rì bọ omi gbígbóná nu imú rẹ̀, ó fi epo pupa pa á ní ètè, ó sì jẹ́ kí ó máa bá àwọn yòókù jẹ. Nígbà tí oṣù yóò fi parí, méjì péré ni ó ṣẹ́ kù nínú mẹ́sàn-án, òbúkọ tí ó rà náà sì ti kú. Owó ewúrẹ́ ni ìyá àgbà fi ń ra aṣọ ilé-ìwé àti ìwé fún àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò padà sí ilé-ìwé ní ọdún náà.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń sin ewúrẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lè rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Oko àti kòkó sábà máa ń jẹ́ ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, obìnrin ni ó ni ewúrẹ́. Ẹni tí kò ní owó láti ra ti ara rẹ̀ le gba abo ewúrẹ́ kan sìn fún ẹlòmíràn, kí wọ́n jọ máa pín àwọn ọmọ tí ó bá bí. Báyìí ni opó tàbí ọmọge ṣe ń dá ohun ìní sílẹ̀ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí àrùn bá wọ inú agbo ewúrẹ́, àpò àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan ni ó kọ́kọ́ ń jò.

Ìtàn àrùn náà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ọdún náà, àwọn oníṣègùn ẹranko méjì, Gargadennec àti Lalanne, kọ ìròyìn nípa àrùn kan tí ó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Côte d’Ivoire, tí ó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé nígbà náà. Ó jọ rinderpest, olórí ọ̀tá màlúù, tí ó wọ Áfíríkà láti ìhà ìlà-oòrùn ní nǹkan bí ọdún 1887, tí ó sì gbá agbo màlúù lọ títí dé gúúsù kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn náà lẹ́nu ni pé àwọn màlúù tí ó wà pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyí kò ṣàìsàn. Wọ́n sọ àrùn náà ní peste des petits ruminants, èyí tí a lè túmọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kéékèèké tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ní ọdún 1956, Mornet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà ṣàlàyé pé rinderpest gan-an ni, pé ara ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ó ti mọ́ lára débi pé kò lágbára lórí màlúù mọ́. Àlàyé náà kò tọ̀nà délẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé ẹni tí kò ronú.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sí Nàìjíríà. Ní ọdún 1967, Whitney, Scott àti Hill tẹ ìwádìí jáde lórí àrùn kan tí ó ń mú ewúrẹ́ ní ẹnu àti ní ìfun ní gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ó ni ẹran ti ń pè é ní kátà, orúkọ yẹn náà ni àwọn olùwádìí sì gbà lò. Ọ̀rọ̀ yìí rìnrìn àjò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà wọ Píjìn àti Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Faransé, Faransé yá a lọ́wọ́ Látìn, Látìn yá a lọ́wọ́ Gíríkì, níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí ó ń ṣàn wálẹ̀. Kò fún àwa Yorùbá ní wàhálà láti yá, nítorí pé nínú bí a ṣe ń pè é, kọ́ńsónáǹtì méjì kò tẹ̀léra, fáwẹ̀lì sì ni ó parí rẹ̀. A kàn fi ohùn òkè sí sílébù kìíní, a fi ohùn ìsàlẹ̀ sí ìkejì, ó sì di ọmọ onílé. A ní ọ̀fìnkìn fún ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ní agbègbè tí mo ti dàgbà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀fìnkìn mú ewúrẹ́. Kátà ni.

Bí a bá fi orúkọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé wọn kò sọ ohun kan náà. Orúkọ Faransé ń kéde ikú: peste ni orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù ń pe àjàkálẹ̀ tí ó ti pa ìdajì ìlú rí. Kátà ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ imú. Ó ń sọ ohun tí ojú kọ́kọ́ rí, ó sì ń fọkàn ẹni balẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń sin òkú kátà láàárín ènìyàn. Lójú tèmi, ìyá àgbà kò yara ya òbúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí pé orúkọ tí ó mọ̀ fún àrùn náà kò dẹ́rù bà á.

Orúkọ kẹta dé ní ọdún 1972. Isoun àti Mann ṣàpèjúwe àrùn kan lára àgùntàn ní Nàìjíríà tí ó ń mú ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun pọ̀, wọ́n sì fi àwọn ẹ̀yà ara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe orúkọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì: stomatitis and pneumoenteritis complex. Isoun yìí náà ni Turner Isoun tí ó wá di mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, tí ó wà ní ipò náà nígbà tí wọ́n fi sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè yìí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọdún 2003. Ní ọdún 1973, Nduaka àti Ihemelandu rí irú àrùn bẹ́ẹ̀ lára àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ ti di mẹ́ta, àwọn ẹran sì ń kú lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ara wọn. Ní ọdún 1970, Rowland, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ń ṣe ìwádìí kátà ní Nàìjíríà, àti Bourdin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Faransé, jọ kọ ìwé kan nípa bí kátà àti peste des petits ruminants ṣe bára mu nínú ẹran ara tí a bá wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Rowland àti àwọn mìíràn fi àrùn méjèèjì wéra lára ewúrẹ́ kúkúrú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ọmọ Dàhómì kan bá gbé ewúrẹ́ aláìsàn kọjá ẹnubodè wá sí ọjà wa, ẹran náà kò mọ̀ pé òun ti kúrò ní ilẹ̀ peste, òun ti dé ilẹ̀ kátà. Ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún láti ìgbà ìròyìn 1942 kí wọ́n tó mọ ohun tí ewúrẹ́ ti mọ̀. Ìdí mìíràn wà fún ìdádúró náà: ogun àgbáyé, àìsí ibi àyẹ̀wò, àìsówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè ní ilẹ̀ yìí mọ̀ bí ó ti ṣòro tó fún ìwé tí a tẹ̀ ní Dakar láti dé orí tábìlì ní Ìbàdàn, àti bí ẹni tí yóò kà á ti ṣọ̀wọ́n tó bí ó bá tilẹ̀ dé.

Ẹ̀rí tí ó fi òpin sí àríyànjiyàn dé ní ọdún 1976. Hamdy àti Dardiri, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní erékùṣù Plum Island ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Nduaka, Breese àti Ihemelandu, yẹ kòkòrò tí wọ́n gbà lára ewúrẹ́ Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí i pé òun náà ni ti peste des petits ruminants. Ní ọdún 1979, Taylor àti Abegunde ròyìn bí wọ́n ṣe rí fáírọ́ọ̀sì náà gbà lára ewúrẹ́ àti àgùntàn Nàìjíríà. Ní ọdún yẹn kan náà, Gibbs, Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé kì í ṣe rinderpest tí ó pa aṣọ dà, pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Òun ni wọ́n kà ṣe ìkẹrin nínú ìdílé tí à ń pè ní morbillivirus. Àwọn mẹ́ta tí ó ṣáájú ni rinderpest, distemper tí ó ń pa ajá, àti èèyi tí ó ń mú àwọn ọmọ wa. Ìyá tí ó bá ti tọ́jú ọmọ tí èèyi mú rí, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ó ń wúkọ́, tí ó sì ń ṣu gbuuru, ti rí kátà ewúrẹ́ lójú láìmọ̀.

Báwo ni a ṣe ń dá àrùn náà mọ̀? Lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara ẹran, ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àmì tó yọ. Ibà líle ni ó ń kọ́kọ́ dé. Ìgbóná ara ẹran a gòkè dé 40 tàbí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹran a dá dúró, irun rẹ̀ a dìde, kò ní fẹ́ jẹun. Omi tí ń ṣàn ní imú a kọ́kọ́ mọ́ bí omi ẹ̀rọ̀, lẹ́yìn náà a ki, a di ọyún, a sì gbẹ mọ́ ihò imú débi pé ẹran kò ní lè mí dáadáa. Ipénpéjú a lẹ̀ pọ̀. Bí a bá la ẹnu rẹ̀, a ó rí egbò ní erìgì, ní abẹ́ ahọ́n àti ní àjà ẹnu, òórùn burúkú a sì máa jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru a bẹ̀rẹ̀, ikọ́ a tẹ̀ lé e, aboyún a ṣẹ́yún. Àwọn tí yóò kú sábà máa ń kú láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá láti ìgbà tí ibà ti dé. Nínú agbo tí àrùn náà kò dé rí, ó lè pa ju ìdajì lọ, ewúrẹ́ kúkúrú tiwa yìí sì wà lára àwọn tí ó ń pa jù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tí ó jẹ́ ti kátà nìkan. Bakitéríà lè fa ikọ́ àti ibà. Orf, tí ó máa ń mú èépá yọ sí ètè ọmọ ewúrẹ́, lè tan ojú jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ẹnu àti pátákò. Oníṣègùn tí ó bá la òkú ẹran máa ń wá ìlà pupa tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ìfun ńlá, bí ìlà ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ṣùgbọ́n ìlà náà kì í sí nígbà gbogbo. Ilé àyẹ̀wò ni ó ń parí ẹjọ́. Ní ìgbà àtijọ́, inú jẹ́lì àgárì ni wọ́n ti ń jẹ́ kí oje ara ẹran àti èròjà tí a fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀ pàdé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ELISA àti PCR dé. Lóde òní, àyẹ̀wò kan wà tí a lè fi omi ojú ẹran ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, kí a sì rí èsì rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kò sí oògùn tí ó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà nínú ara ẹran. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń pa ẹran. Ó máa ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara jẹ́, bakitéríà tí ó ti lúgọ sí ọ̀nà ọ̀fun a sì ráyè sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ oxytetracycline tàbí irú rẹ̀ fi lè gba àwọn kan là bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ń dí ohun tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbé lọ. A ní láti máa fọ imú àti ojú, kí a sì fún ẹran ní oúnjẹ rírọ̀ tí kò ní gún egbò ẹnu rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ìyá àgbà mọ èyí tí ó jẹ mọ́ imú. Èyí tí kò mọ̀ ni pé ẹran tí a bá rà ní ọjà gbọ́dọ̀ dá wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó bá àwọn ará ilé pàdé, pàápàá ní ìgbà ọdún, nígbà tí ẹran ń ti ọ̀nà jíjìn wọ ọjà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Àjẹsára ni ó tún nǹkan ṣe. Nítorí pé kátà àti rinderpest jẹ́ ọmọ ìyá, àjẹsára màlúù tí Walter Plowright ṣe ní Kẹ́ńyà dáàbò bo ewúrẹ́ pẹ̀lú. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Àwọn òṣìṣẹ́ ILCA, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn fún Áfíríkà tí ó ní ibùdó ní Ìbàdàn, gbé e wọ àwọn abúlé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1989, Diallo, Taylor, Lefèvre àti Provost tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kan tí a rí ní Nàìjíríà ní ọdún 1975, tí ó ń jẹ́ Nigeria 75/1, wọ́n ń tọ́ ọ nínú sẹ́ẹ̀lì ní àtúntọ́ títí agbára ìpani rẹ̀ fi tán, tí ó kù kìkì agbára láti kọ́ ara ẹran ní ìjà. Ẹ wo orúkọ àwọn òǹkọ̀wé náà, ará ìhà Faransé àti ará ìhà Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwé kan náà. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ òtútù, yìnyín sì ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù ní abúlé.

Nígbà tí ayé kéde ní ọdún 2011 pé rinderpest ti tán, ojú yí sí àbúrò rẹ̀. Àrùn tí a rò pé ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni ti dé Ṣáínà ní ọdún 2007 àti Mòrókò ní ọdún 2008. Láti ìparí ọdún 2016 wọ 2017, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko ìgbẹ́ tí à ń pè ní saiga ní Mòǹgólíà, ní ọdún 2024 ó sì wọ Gíríìsì àti Rùmáníà. Ní ọdún 2015, FAO àti àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko pe àwọn orílẹ̀-èdè jọ sí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè kan náà tí àrùn yìí ti kọ́kọ́ gba orúkọ, wọ́n sì fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke pé yóò ti tán ní ayé. Nigeria 75/1 wà lára àwọn àjẹsára tí wọ́n gbójú lé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti padà kan àwa olùkọ́ èdè. A kò lè pa àrùn rẹ́ bí ẹni tí ó ni ẹran kò bá sọ pé ó ti dé, orúkọ tí ó bá wà lẹ́nu rẹ̀ ni yóò sì fi sọ ọ́. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti apá kejì tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti ewúrẹ́ kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ túmọ̀ orúkọ Faransé náà ní ẹyọ-ẹyọ. Ohun tí wọ́n ń mú wá gùn ju okùn ewúrẹ́ lọ, kò sì sí alájàpá tí yóò pè é. Èmi yóò kúkú fi kátà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn, kí ó di kátà àjàkálẹ̀, kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lórí rédíò lè mọ ẹran tí à ń sọ, kí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkísà àti omi gbígbóná nìkan.

Ewúrẹ́ méjì tí ó ṣẹ́ kù fún ìyá àgbà tún bí. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, kátà padà wá sí abúlé wa, ó mú àwọn ọmọ wọn àti ẹran àwọn ará ilé kejì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwọn ìyá méjèèjì. A mọ̀ lónìí pé ẹran tí ó bá yè é kì í sábà ní in mọ́ títí ayé rẹ̀. Ìyá àgbà kò gbọ́ èyí rí. Ó ní àwọn méjèèjì ti san tiwọn, ó sì kọ̀ láti tà wọ́n.